Èlú: Ìtàn Ìtàkùn Tí Ó Bí Aró

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, mo sì mú àdìrẹ ṣe àpẹẹrẹ: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan, ọ̀rọ̀-ìṣe dì, àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ. Ohun tí a dì, tí a sì rẹ. Kò sí ẹni tí kò mọ àdìrẹ nínú wọn. Àwọn méjì wọ̀ ọ́ wá sí kíláàsì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi wọ́n pé kí ni a rẹ ẹ́ sí. Wọ́n ní, "Aró ni, sà." Kí wá ni a fi ń ṣe aró? Gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ lọ́lọ́. Ẹnì kan ní kẹ́míkà ni. Òmíràn ní òun ti gbọ́ èlú rí lẹ́nu ìyá àgbà òun, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bóyá igi ni tàbí koríko.

Ìtàkùn ni. N kò sì lè fi ìyẹn bú àwọn ọmọ náà, nítorí pé èmi fúnra mi ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fi ojú rí ewé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó tọ́ kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀ níbí: bí ó ti rí, bí a ti ń gbìn ín, àti bí ìtàkùn tí àwọn ìyá wa fi kọ́lé, tí wọ́n fi rán ọmọ nílé ìwé, ṣe di ohun tí a ń wá kiri nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Èlú jẹ́ ìtàkùn onígi. Bí ó bá rí igi tí yóò gùn, yóò gùn ún títí dé orí. Bí kò bá rí i, yóò dúró bí igi kékeré tí ó ya apá kiri, tí ó ń wá ẹni tí yóò fara tì. Ìbátan ẹ̀wà ni, èso rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé pódi pẹlẹbẹ tí hóró díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni. Ewé rẹ̀ máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì igi ewé, ẹyọ kan á sì dá dúró ní ṣóńṣó orí. Ó máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó rẹ̀ a sì yọ ní ṣírí-ṣírí, àwọ̀ rẹ̀ a fara jọ ti elésè àlùkò. Ẹni tí ó bá rí i lójú ọ̀nà oko ní àsìkò yẹn yóò rò pé wọ́n gbìn ín fún ẹwà lásán ni. Ṣùgbọ́n àmì tí kì í tàn ènìyàn wà lára ewé: bí a bá já ewé ọ̀dọ́ rẹ̀, tí a rún un, tí a sì fi í sílẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, dúdú tí ó ní aró nínú. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè é ní Philenoptera cyanescens lónìí. Lonchocarpus cyanescens ni ẹ ó bá nínú àwọn ìwé àtijọ́. Èdè Látìn ni apá kejì orúkọ náà, ohun tí ó ń di aláró ni ó túmọ̀ sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kàn so orúkọ wa mọ́ ọn ni, aró Yorùbá ni wọ́n ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Senegal títí dé Kamẹrúùnù ni ìtàkùn náà ti ń hù fúnra rẹ̀.

Kí a má ṣe fi èlú pe baba, èyí tí àwọn Haúsá ń lò. Igi kúkúrú tí ó ń dúró fúnra rẹ̀ ni baba, kì í ṣe ìtàkùn. Ní Kano, kòtò inú ilẹ̀ ni wọ́n ń da aró sí, àwọn ọkùnrin ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ìkòkò ni aró ń gbé, ọwọ́ obìnrin ni ó sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: obìnrin ni ó mọ ìkòkò, obìnrin ni ó gún ewé, obìnrin ni ó rẹ aṣọ, obìnrin náà ni ó tà á. Ìyá Mapó, òrìṣà tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ni àwọn aláró àtijọ́ máa ń bọ kí aró má bàa bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. A máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: funfun, pupa, dúdú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì rò pé ojú wa kò ríran. Ẹ lọ bi aláró. Yóò ya ayìnrín, tí ó mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run òwúrọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ tí ó mu aró yó títí tí ó fi ń dán. Ẹtù, aṣọ òkè tí àwọn àgbà ọkùnrin fẹ́ràn, gba orúkọ rẹ̀ láti ara ẹyẹ ẹtù, nítorí pé aró rẹ̀ ki púpọ̀, ìlà tín-ínrín sì là á já bí tòtòtò ara ẹyẹ náà. Nínú ìwúre, ẹyẹ agbe ni a fi ń ṣàpẹẹrẹ ẹni tí kì í wá aró tì. Wájì náà wà, aró tí a sọ di lẹ́bú tí àwọn olórìṣà fi ń kun ojúbọ àti orí ìyàwó òrìṣà. Èlú ni ìtàkùn, aró ni ohun tí ó di nínú ìkòkò, wájì ni èyí tí ó gbẹ. Èdè tí ó pín nǹkan kan sí mẹ́ta báyìí kì í ṣe èdè tí kò rí i.

Ní ti gbígbìn rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ìgbà ìwáṣẹ̀ kì í sábà dá oko èlú lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣán igbó, tí wọ́n bá bá èlú níbẹ̀, wọn a dá a sí pẹ̀lú igi tí ó gùn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá ọ̀pẹ sí. Àwọn mìíràn a gbìn ín sí etí oko tàbí ẹ̀yìnkùlé kí ìyàwó ilé má bàa rìn jìnnà. Hóró rẹ̀ ṣe é gbìn, ẹ̀ka rẹ̀ náà sì ṣe é gé gbìn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo rẹ hóró sínú omi di ọjọ́ kejì, mo sì gbìn ín nígbà tí òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀. Mẹ́fà ni mo gbìn, mẹ́rin hù. Ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ méjì nínú wọn, nítorí náà mo fi ọ̀rọ̀ ọgbà yíyí ká ṣe ìkíní ìkejì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbìn ín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí yóò gùn. Ọ̀pá ọparun kì í pẹ́ jẹrà, ìtàkùn yìí sì máa ń wúwo bí ó bá dàgbà. Ìyeyè ni mo rì mọ́lẹ̀ fún tèmi, nítorí pé ìyeyè a máa sọ bí a bá gé e rì, ó sì di òpó alààyè. Kò fẹ́ kí omi dá rogún sí ìdí òun, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ibòji púpọ̀.

Kì í yára. Ní ọdún kìíní, ẹ ó rò pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ má ṣe já ewé rẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí ó bá ti fìdí múlẹ̀, bí a bá ṣe ń gé e ni yóò ṣe máa sọ sí i, àwọn ewé ọ̀dọ́ tí ó bá yọ lẹ́yìn gígé ni aláró sì ń fẹ́, nítorí pé àwọn ni aró pọ̀ nínú wọn jù. Èyí ló fà á tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń ká ewé rẹ̀ léraléra kì í fi bẹ́ẹ̀ rí òdòdó rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òdòdó, kí ó fi apá kan ìtàkùn náà sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Apá kan ni mo fi sílẹ̀ ní tèmi.

Iṣẹ́ ńlá ni ó ń tẹ̀lé kíká. A ó gún ewé tútù nínú odó títí yóò fi di ohun dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ra, a ó fi ọwọ́ mọ ọ́n róbótó, a ó sì sá a sí oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Báyìí ni èlú ṣe ń dé ọjà. Ó lè pẹ́ nílé láì bàjẹ́, a sì lè rù ú lọ sí ọ̀nà jíjìn. Omi eérú ni ìdajì iṣẹ́ tó kù. Eérú igi, tàbí ti èèpo kòkó láti ìgbà tí kòkó ti dé, ni a ó kó sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, tí a gbé ka orí ìkòkò mìíràn. A ó da omi lé e, omi náà yóò sì máa kán tótó sí ìsàlẹ̀, yóò gba agbára eérú. Inú omi yìí ni a ó rẹ èlú sí, a ó dé e, a ó sì dúró. Bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, yóò máa hó, yóò máa rùn. Ìyá aláró kì í lo aago: imú rẹ̀ ni ó fi ń mọ̀, àti ìfófòó orí aró tí ó ń dán bí idẹ.

Ohun tí ojú ń rí lẹ́yìn èyí ni kì í sú mi. Aṣọ tí a fà jáde nínú ìkòkò kì í ní aró lára. Ó máa ń rí bí omi ewé, ó ń fà sí ìyeyè. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú ẹni. Ìdí rẹ̀ ni pé aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń mú èlú kan nínú omi eérú ni wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí ó lè yọ́, tí kò sì ní àwọ̀ aró mọ́. Bí ó bá ti wọ inú òwú, tí atẹ́gùn ọ́síjìn sì kàn án, yóò padà di aró, yóò sì há mọ́ inú òwú náà. A ó rẹ ẹ́, a ó sá a, a ó tún rẹ ẹ́, títí yóò fi dúdú dé ibi tí a fẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí tí ó ka ìwé kẹ́mísìrì. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ayé ti mọ iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn òyìnbó oníṣòwò etí òkun ti ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú láti lọ tún un tà ní Etíkun Wúrà. Nígbà tí Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander gba Bàdágírì wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí wọ́n ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n dúró ní Ìjánà. Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé òun rí ilé aró mẹ́ta níbẹ̀, ìkòkò ńláńlá tí ó ju ogún lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn obìnrin ni aláró, àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń hun aṣọ. Ó yin aró náà pé kì í ṣá. Ẹ fi ojú inú wo ó: ó ju ọgọ́ta ìkòkò lọ nínú ìlú kan ṣoṣo. Ewé mélòó ni yóò bọ́ ìkòkò ọgọ́ta?

Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún fọ́n àwọn ènìyàn ká, iṣẹ́ aró sì bá wọn rìn. A tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ìbàdàn àti Òṣogbo kún fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Àwọn Sàró tí wọ́n padà dé láti 1839 kò ṣe àjèjì sí iṣẹ́ náà, nítorí pé ìtàkùn wa yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní gàrá ní Sàró, tí wọ́n sì ń fi rẹ aṣọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láti Manchester bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́jà. Aṣọ tí a hun nílé nípọn, ó le láti dì ní kínníkínní. Ti òyìnbó fẹ́lẹ́, ó gba òwú, ó gba ìkó ọ̀pẹ, ó sì gba ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ tí a fi ìyẹ́ adìẹ kùn sí i lára. Báyìí ni àdìrẹ oníko àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe gbilẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Àwọn obìnrin náà ń kọ ìtàn ìgbà wọn sára aṣọ: òpó gbọ̀ngàn Mapó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàn dùn, ayẹyẹ ọdún 25 ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935 sì bí aṣọ tirẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń ti Senegal wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta.

Ibi yìí gan-an ni ìtàkùn wa ti pàdé ọ̀tá rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì sì ni ó ti wá. Adolf von Baeyer ti rí ọ̀nà tí a fi lè ṣe aró nínú yàrá ìwádìí ní 1880. Ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Nígbà tí aró òyìnbó yìí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí sódà tẹ̀lé e, obìnrin tí ó ti ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gún èlú, tí ó ń sun eérú, tí ó ń dúró de ìkòkò, rí i pé òun lè ṣe é kíákíá. Ẹni tí kò ní èlú, tí kò ní ìkòkò, tí kò kọ́ṣẹ́ lọ títí, náà lè di aláró. Ọjà kún. Iye owó já. Àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ya, aró ń ṣí, nítorí pé sódà tí a kò wọ̀n dáadáa a máa jẹ òwú.

Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí láti òkèèrè, bí èmi ti kọ́kọ́ kà á, yóò rò pé inú àwọn aláró yóò dùn pé ọba gbèjà èlú. Rárá o. Àwọn ni wọ́n tako òfin náà. Ní 1936, ọ̀rọ̀ náà le títí tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí iṣẹ́ àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Nínú ìwé Judith Byfield, The Bluest Hands, tí ó jáde ní 2002, ni ẹ ó ti rí kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀. Láti 1918 ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń san owó orí fún ìjọba. Wọ́n jẹ gbèsè aṣọ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ sì ni. Ta ni yóò ní kí wọ́n padà sí ìdí odó? Èmi tí mo fẹ́ràn èlú, tí mo sì ń gba owó oṣù, n kò lè dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mo kàn lè sọ ni pé láti ìgbà náà ni kò ti sí ìdí mọ́ fún àgbẹ̀ láti dá ìtàkùn náà sí nígbà tí ó bá ń ṣán oko. Nígbà tí kàm̀pálà aláràbarà gbòde ní àwọn ọdún 1970, aró fúnra rẹ̀ ti di ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ àwọ̀ inú agolo. Lónìí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán àdìrẹ sára aṣọ ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n sì ń tà á ní Ìtòkú pàápàá.

Àwọn kan kò jẹ́ kí iná náà kú pátápátá. Jane Barbour àti Doig Simmonds kó ìmọ̀ àwọn aláró jọ sínú ìwé kan tí Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1971, Nike Davies-Okundaye sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ aró ní Òṣogbo láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ní òdìkejì òkun, ní Bàhíà àti Kúbà, àwọn olórìṣà ṣì ń pe lẹ́bú aró ní wájì. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, aró fífọṣọ tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lò, ìtàkùn náà kò bá wọn sọdá. Ọ̀rọ̀ ni ó sọdá. Lọ́dọ̀ wa níbí, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ìtàkùn náà ṣì wà nínú igbó, ọ̀rọ̀ ni ó ń kúrò lẹ́nu wa.

Nígbà tí tèmi dàgbà tó, mo já ẹ̀ka kékeré kan, mo gbé e lọ fún ìyá àgbà aláró kan ní Òṣogbo tí ó ti kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ sókè yìí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi wò ó bóyá òun ni." Wọn kò fèsì. Wọ́n já ewé kan, wọ́n rún un sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n tún la ọwọ́ náà, wọ́n wo àmì dúdú tí ó wà níbẹ̀.

"Òun náà ni, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Èló lo máa tà á?"